Ṣé kí n fi ránṣẹ́ ni, àbí kí n dákẹ́? Ìròyìn àrùn tuntun nínú ẹgbẹ́ ẹbí wa

Àdùkẹ́ Ìtòkò béèrè:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, àbúrò ìyá mi obìnrin, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí Ìjẹ̀bú, fi ohùn kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ ẹbí wa lórí WhatsApp. Obìnrin kan ni ó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó ní nọ́ọ̀sì ni òun, ó ní àrùn kan tí kò tíì ní orúkọ ti wọ ilé ìwòsàn tí òun ti ń ṣiṣẹ́, ó ní wọ́n ń bò ó mọ́lẹ̀, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ràn ẹbí rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́wàá kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò dárúkọ ilé ìwòsàn, kò dárúkọ ìlú, kò sọ ọjọ́. Síbẹ̀, kí n tó jẹun alẹ́ tán, mo ti rí ohùn kan náà nínú ẹgbẹ́ ìjọ wa àti nínú ẹgbẹ́ àwọn òbí ní ilé ìwé ọmọ mi.

Ohun tí kò jẹ́ kí n lè gbójú fò ó ni ohun tí ojú wa rí nílé ní ọdún 2014, nígbà tí Ẹ̀bólà wọ Èkó. Ní ìdájí ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún náà, ìyá mi kan ilẹ̀kùn yàrá àwa ọmọ. Aago mẹ́rin kò tíì lù. Omi ti hó lórí sítóòfù, ó sì ń fi agolo mílíìkì bu iyọ̀ sínú garawa, agolo kan fún garawa kan, ó ń kà á sókè bí ẹni tí ó ń wọn ìrẹsì fún oníbàárà. Ẹnì kan ni ó pè é láti Ìbàdàn pé kí gbogbo ènìyàn fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀ kí oòrùn tó yọ, kí wọ́n sì mu díẹ̀ lára rẹ̀, pé ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, Ẹ̀bólà kò ní lè wọ ara rẹ̀. Èmi wẹ̀, àwọn àbúrò mi wẹ̀. Bàbá mi, tí ó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tipẹ́, wẹ̀, ó sì mu ife méjì, nítorí ó ní òun kì í dáwọ́ lé nǹkan kí òun ṣe é ní ààbọ̀. Nígbà tí ó fi máa di ọ̀sán, orí ń fọ́ ọ, òòyì ń kọ́ ọ, a sì sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó lò níbẹ̀. Ó yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n títí di òní, ìyá mi kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ iyọ̀ yẹn létí òun.

Nítorí náà, ohun méjì ni mo fẹ́ béèrè. Bí irú ìròyìn báyìí bá dé, tí a kò sì rí ẹni tí ó mọ òótọ́ ibẹ̀, ṣé kí ènìyàn fi ránṣẹ́ ni, nítorí bóyá òótọ́ ni, àbí kí ó dákẹ́? Èkejì ni ó le jù lójú tèmi: báwo ni ọmọ ṣe ń sọ fún àgbà tí ó fi ìfẹ́ ránṣẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, tí kò fi ní di ọ̀rọ̀ àrífín? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ èsì sí Àǹtí nínú ẹgbẹ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni mo pa á rẹ́.

Atọpasẹ̀ Yábàá fèsì:

Arábìnrin Àdùkẹ́, ẹ kú ewu ti bàbá, bí ó tilẹ̀ ti pẹ́. Mo wà lára àwọn tí wọ́n ń tọpasẹ̀ ẹni tí ó fara kan aláìsàn ní Èkó ní ọdún 2014, ẹ jẹ́ kí n dá sí i láti inú ohun tí mo fi ojú ara mi rí.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún náà ni ọkùnrin kan tí ó ń bọ̀ láti Liberia balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed. Àìsàn ti wà lára rẹ̀ kí ó tó dé. Ilé ìwòsàn aládàáni ni wọ́n gbé e lọ, nítorí àwọn dókítà ìjọba wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì lákòókò náà. Ọjọ́ 25 ni ó kú. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, ẹni tí ó kọ̀ jálẹ̀ pé ọkùnrin náà kò ní jáde kúrò ní ilé ìwòsàn, kó àrùn náà, òun náà sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ẹ wá ka iye ọjọ́ tí ó wà láàárín ikú àkọ́kọ́ yẹn àti ìdájí tí ìyá yín ń bu iyọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì géérégé ni. Kí ni ará Èkó gbọ́ jù nínú ọ̀sẹ̀ méjì yẹn? "Ẹ má fòyà." Òótọ́ ni pé àlàyé mìíràn wà lórí rédíò, ṣùgbọ́n "ẹ má fòyà" ni ó ń ṣáájú, òun náà ni ó ń kẹ́yìn. Mo ti ro gbólóhùn yìí títí. Ẹni tí a bá sọ fún pé kí ó má fòyà, tí a kò sì fi nǹkan kan lé e lọ́wọ́ pé kí ó ṣe, yóò wá iṣẹ́ fún ọwọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Iyọ̀ sì mú iṣẹ́ tirẹ̀ dání nígbà tí ó ń bọ̀: garawa, omi gbígbóná, ìdájí, àti ohun kan tí kò wọ́n, tí kì í sì í tán nínú ilé ìdáná ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni orógbó, tí wọ́n ní ó ń wo Ẹ̀bólà. Ní ọjà tí ó wà nítòsí ilé mi, ìyá olórógbó tí ó máa ń fi èyí tí ó kù sílẹ̀ kún tọrẹ kò jẹ́ kí a ná an mọ́.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé, ó kéré tán, ènìyàn 2 ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ṣe ni ó ń fa omi jáde kúrò nínú ara, ti inú ọpọlọ ni ó sì burú jù níbẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru tẹ́lẹ̀ ti gbé ẹrù kí wọ́n tó tún di ẹrù lé e lórí. Bàbá yín kò jìnnà sí ewu ńlá.

Ohun tí ó lé Ẹ̀bólà jáde kò ní ariwo nínú. Ẹsẹ̀ ni. Orúkọ ènìyàn 894 ni ó wọ inú ìwé wa, ní Èkó àti ní Port Harcourt, ìbẹ̀wò ojúkojú tí wọ́n sì ṣe sí wọn tó 18,500. Ọjọ́ 21 ni a fi ń lọ sí ilé ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí pé láàárín ọjọ́ 2 sí ọjọ́ 21 ni àìsàn náà máa ń fara hàn lára ẹni tí ó bá kó o, ẹni tí kò bá sì tíì bẹ̀rẹ̀ àìsàn kì í kó o ran ẹlòmíràn. Gbólóhùn tí mo kọ gbẹ̀yìn yìí ni mo sọ jù ní ọdún yẹn, òun náà ni kò sí nínú ìkankan lára àwọn ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn.

Obìnrin kan wà tí a ń bẹ̀ wò ní apá Sùúrùlérè. Ní ọjọ́ kìíní, kò ṣí ilẹ̀kùn. Láti ojú fèrèsé ni ó ti bẹ̀ wá pé kí a gbé ọkọ̀ wa sí ìpẹ̀kun àdúgbò, kí a sì bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ tí wọ́n kọ nǹkan sí lẹ́yìn, nítorí pé bí onílé bá rí wa, ẹrù òun yóò di ti ìta. A bọ́ ẹ̀wù, a ká a sínú ọ̀rá dúdú, a wọlé bí ẹni tí ó wá kí ènìyàn. Ó ti gbé àpótí ìjókòó méjì sí abẹ́ igi máńgòrò, ó jìnnà sí ara wọn dáadáa. Àràárọ̀ ni ó máa ń bi mí bí a bá ti ń yẹ ara rẹ̀ wò: "Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, ẹ̀rù kò bà yín?" Mo máa ń rẹ́rìn-ín, màá ní rárá. Ní ọjọ́ kẹfà, ó ti rẹ̀ mí, mo sọ fún un pé ẹ̀rù ń bà mí, pé bí mo bá dé ilé, ìta ni mo ti ń bọ́ bàtà, n kì í sì í gbé ọmọ mi títí màá fi wẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni ó sọ fún mi nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tí ó ti sùn ní ilé rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú, tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé wa.

Ènìyàn 20 ni ó kó àrùn náà ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, lẹ́yìn ọjọ́ 42 tí kò sí aláìsàn tuntun, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kúrò nílẹ̀.

Ní ti ìbéèrè yín àkọ́kọ́, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má fi ohùn yẹn ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹ má sì fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Bí ẹ bá gba iyọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ̀rù ń bà, ẹ fi ọṣẹ dípò rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn fèsì:

Mo bọ̀wọ̀ fún Atọpasẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "má fi ránṣẹ́" yìí kò wọlé sí mi lára tán. Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Wuhan ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, nígbà tí KÒFÍÌDÌ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 2019, dókítà ojú kan tí ń jẹ́ Li Wenliang kọ̀wé sínú ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n jọ kàwé gboyè pé ènìyàn 7 tí wọ́n ní nǹkan í ṣe pẹ̀lú ọjà ẹja kan ti ní SARS, àrùn èémí kan tí ó ti jà ní Ṣáínà rí. Ó ní kí wọ́n kìlọ̀ fún àwọn ará ilé wọn, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà jáde. Ó jáde. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 2020, àwọn ọlọ́pàá ní kí ó tọwọ́ bọ ìwé ìbáwí pé ó ń sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ tí ó sì ń da ìlú rú. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì, àrùn kan náà tí ó kìlọ̀ nípa rẹ̀ pa á, ẹni ọdún 33. Oṣù Kẹta ni àwọn ọlọ́pàá tó fagi lé ìwé ìbáwí náà, wọ́n sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pé orúkọ tí ó kọ́kọ́ pe àrùn náà kì í ṣe òun gan-an, òun fúnra rẹ̀ tún un ṣe lọ́jọ́ náà. Bí a bá fi òṣùwọ̀n "dúró títí yóò fi dájú" wọn ọ̀rọ̀ rẹ̀, a óò pè é ní àhesọ. Bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó bá gbà á gbọ́ tí ó sì bo imú ní ọjọ́ yẹn kò pàdánù nǹkan kan.

Nílé wa níbí náà, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ti pa ènìyàn. Nínú àjàkálẹ̀ 2014 tí Atọpasẹ̀ ń sọ, ẹnì kan tí ó ti fara kan aláìsàn kúrò ní Èkó lọ sí Port Harcourt, ó gba ìtọ́jú ní ìkọ̀kọ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì, ara rẹ̀ sì yá. Dókítà tí ó tọ́jú rẹ̀ ni ó kú, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ pé Ẹ̀bólà ni títí ó fi kú, lẹ́yìn tí àwọn ẹbí, àwọn ọ̀rẹ́ àti àwọn ará ìjọ rẹ̀ ti fi ọwọ́ kàn án níbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà fún un.

Nítorí náà, ìyàtọ̀ tí mo rí kì í ṣe láàárín ẹni tí ó sọ̀rọ̀ àti ẹni tí ó dákẹ́. Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ní Wuhan sọ ohun tí ó rí, ó sọ ibi tí ó ti rí i, àwọn tí ó ń bá sọ̀rọ̀ sì mọ orúkọ rẹ̀ àti ojú rẹ̀. Obìnrin inú ohùn Àǹtí yín kò ní ìkankan nínú nǹkan wọ̀nyí. Bí ó bá jẹ́ pé Àǹtí fúnra rẹ̀ ni ó sọ pé "aládùúgbò mi ń ṣàìsàn, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀, mo wà níbẹ̀", èmi ni màá kọ́kọ́ sọ pé kí ẹ gbé e síta, kí ẹ sì pe àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn.

Bàbá Ọ̀ṣogbo fèsì:

Ẹ kú àròjinlẹ̀ o, ẹ̀yin ọmọ wa. Mo ti kọjá ẹni ọdún 70, n kò sì mọ púpọ̀ nípa kòkòrò tí ojú kò lè rí. Ẹ̀rù ni mo mọ̀.

Ní ayé àwọn bàbá wa, a kì í pe Ṣọ̀pọ̀ná lórúkọ. Ilẹ̀ẹ́gbóná ni à ń pè é, tàbí Ọlọ́de, a sì ní oríkì kan fún un tí ó máa ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá ń gbọ́ ìròyìn àrùn: Alápadúpẹ́, ẹni tí ó pa ọmọ ẹni tí a tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé tí ó bá wọ̀, wọn kò gbọdọ̀ sunkún síta. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni oògùn ẹ̀rù nígbà náà, ìmọ̀ nípa àrùn yẹn sì wà lọ́wọ́ àwọn àwòrò rẹ̀ nìkan, àwọn tí wọ́n ń sin òkú, tí wọ́n sì ń kó ẹrù òkú lọ. Ní ọdún 1907, lẹ́yìn ìwádìí dókítà Oguntola Sapara, tí ó wọ àárín wọn láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de ìsìn náà. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ta ni ó yẹ kí ó mọ̀, ta ni kò yẹ kí ó mọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí fóònù bí.

Ìyá tí ó bí ìyá mi wà ní Èkó nígbà tí ọkọ̀ ojú omi gbé àrùn ọ̀fìnkìn ńlá wọlé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918. Ó ní kì í ṣe ikú nìkan ni ó lé àwọn lọ. Wọ́n ní wolé-wolé ń bọ̀ wá yẹ ilé wò, pé ẹni tí wọ́n bá rí tí ó ń wúkọ́, wọn yóò gbé e lọ síbi tí ẹbí kò ti ní rí i mọ́. Ní òru, àwọn àti ìyá wọn wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìkòròdú. Ẹ wò ó, ẹ̀rù àrùn mú ènìyàn dúró sí ilé, ẹ̀rù ẹni tí ó wá wo àrùn sì lé e jáde. Ìgbà tí mo gbọ́ pé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, ní abúlé Womey ní orílẹ̀-èdè Gínì, wọ́n pa ènìyàn 8 tí wọ́n wá la àwọn ará abúlé lọ́yẹ̀ nípa Ẹ̀bólà, ìyá àgbà ni mo rántí.

Arábìnrin, ní ti Àǹtí yín, ẹ má ṣe fún un lésì níbi tí ẹbí pé sí. Àgbà tí a já nírọ́ lójú ọmọ àti ìyàwó ilé kò ní gbọ́ ìyókù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ẹ pè é, ẹ kí i kí ó kún, ẹ béèrè orúnkún rẹ̀, ẹ béèrè ọjà. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í léèrè, ẹ má sọ fún un. "Àǹtí, ta ni ó fi ránṣẹ́ sí yín?" Ìbéèrè kì í ṣe àrífín. Ẹ tún dúpẹ́ pé ó rántí yín, kí ẹ sì dúpẹ́ náà tọkàntọkàn, nítorí ìfẹ́ ni.

Kọ̀ǹpútà Bódìjà fèsì:

Ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Ẹ wo òkè ohùn yẹn. Bí ẹ bá rí ọfà méjì tí ó tẹ̀ lé ara wọn, ó túmọ̀ sí pé ó ti gba ọwọ́ ènìyàn púpọ̀ kọjá kí ó tó dé ọwọ́ Àǹtí, ẹni tí ó sọ ọ́ sì ti jìnnà réré. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2020 ni WhatsApp ti dín in kù débi pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè lọ ju ojú kan ṣoṣo lọ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbà á sórí fóònù rẹ̀ tí ó sì tún un fi ránṣẹ́ bí tuntun, ọfà náà á pòórá, nítorí náà àìsí ọfà kì í ṣe ẹ̀rí.

Ẹ̀tàn ọdún 2020 kò sì yàtọ̀ sí ti iyọ̀. Ní oṣù Kẹta, tí ààrẹ Amẹ́ríkà mẹ́nu ba kiloroquine, a rí àwọn tí wọ́n gbé e mu gba ilé ìwòsàn lọ ní Èkó, NCDC, àjọ tí ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà, sì tètè sọ pé Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fọwọ́ sí i fún KÒFÍÌDÌ. Oògùn ibà tí gbogbo wa mọ̀ láti kékeré! Ohun tí a ti mọ̀ rí ni ó máa ń rọrùn jù láti fi tan wá jẹ. Nọ́ńbà NCDC tí ẹ lè pè lọ́fẹ̀ẹ́ ni 6232, ẹ tọ́jú rẹ̀ sórí fóònù Àǹtí pẹ̀lú orúkọ tí yóò rántí.

Àdùkẹ́ Ìtòkò fèsì:

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Mo ṣe bí Bàbá ti wí. Ìrọ̀lẹ́ àná ni mo pe Àǹtí. A kí ara wa, a sọ̀rọ̀ nípa orúnkún, a sọ̀rọ̀ nípa iye tí gààrí di, kí n tó béèrè ẹni tí ó fi ohùn náà ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n ní ìyá kan ní ìjọ àwọn ni, ọmọ rẹ̀ ni ó fi ránṣẹ́ sí i, ọmọ náà gbọ́ ọ lẹ́nu èrò nínú ọkọ̀. Bí wọ́n ti ń sọ ọ́ ni mo gbọ́ tí ohùn wọn ń lọ sílẹ̀. N kò sọ nǹkan kan. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní: "Àdùkẹ́, bí mi ò bá fi ránṣẹ́, tí nǹkan wá ṣe ọ̀kan nínú yín, ojú wo ni mo fẹ́ fi wo ìyá rẹ?" Ó dùn mí, nítorí mo ti ń rò ó tẹ́lẹ̀ pé àìbìkítà ni.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ohun tí ọ̀rọ̀ Atọpasẹ̀ ti jẹ́ kí n mọ̀ pé wọn yóò béèrè: "Kí ni kí n wá máa ṣe?" Ẹnu mi wọ́ díẹ̀. Atọpasẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, bí a kò bá tilẹ̀ mọ orúkọ àrùn, kí ni ọwọ́ lè ṣe?

Atọpasẹ̀ Yábàá fèsì:

Ohun tí ó wà nílé wọn tó. Ọṣẹ àti omi, nígbàkúgbà tí wọ́n bá ti ìta dé, kí wọ́n tó jẹun, lẹ́yìn tí wọ́n bá tọ́jú aláìsàn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kòkòrò wọ̀nyí, àti ti Ẹ̀bólà àti ti KÒFÍÌDÌ, ọ̀rá ni a fi ṣe awọ tí ó bò wọ́n, ọṣẹ sì ń tú ọ̀rá yẹn gẹ́gẹ́ bí ó ti ń tú òróró ara ìkòkò. Ọṣẹ èyíkéyìí tí ó bá ń hó ni, wọn kò ní láti wá èyí tí ó wọ́n. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná kí ó sùn sí yàrá ọ̀tọ̀, kí wọ́n ṣí fèrèsé, kí ẹnì kan ṣoṣo máa tọ́jú rẹ̀, kí ẹni náà má sì fi ọwọ́ lásán kan èébì tàbí ẹ̀jẹ̀. Kí wọ́n fi ìwé kan sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, kí wọ́n máa kọ orúkọ ẹni tí ó bá wọlé sí i. Bí ẹnì kan bá kú nínú irú àìsàn tí kò yé wọn, kí wọ́n má fi ọwọ́ ara wọn wẹ òkú rẹ̀, kí wọ́n pe àwa òṣìṣẹ́ ìlera. Èyí tí mo sọ gbẹ̀yìn yìí ni ó máa ń dun àwọn ènìyàn wa jù, mo mọ̀. Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú sùúrù.

Àdùkẹ́ Ìtòkò fèsì:

Mo ka gbogbo rẹ̀ fún Àǹtí láàárọ̀ yìí. Wọn kò fẹ́ kí n kọ ọ́, wọ́n ní àwọn tí kò lè kàwé pọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀, ní èdè Ìjẹ̀bú, wọ́n dárúkọ ara wọn, wọ́n dárúkọ àdúgbò wọn, wọ́n ní ohùn tí àwọn fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ Àìkú, àwọn kò mọ ẹni tí ó ni ín, kí a pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ka ọ̀rọ̀ ọṣẹ, fèrèsé àti ìwé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ìṣẹ́jú méjì àti díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀.

Ẹgbẹ́ dákẹ́ fún bí wákàtí kan. Ìyá mi, tí kì í kọ nǹkan kan síbẹ̀ ju "Àmín" lọ, ni ó kọ́kọ́ fèsì: "O ṣeun, àbúrò mi. Omi àti ọṣẹ nìkan o. Ẹ má bu iyọ̀ sí i."